Fìlà Lórí Àga Lásísì

Ní Kétu àtijọ́, ewé Àlùkùránì tí ó bá gbó kì í bọ́ sí ààtàn. Inú àpò kan lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni wọ́n máa ń kó o sí. Bí àpò bá kún, Múdàṣírù yóò gbẹ́ ilẹ̀, yóò sì sin ín tàdúàtàdúà bí ẹni sin àgbà. Ọdún kọkàndínlógún tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ni ọdún 1954. Ọmọ kéú pọ́ńbélé ni. Kò gbọ́ ju “gúdù mọ́nìn” lọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá ń ṣe ìpàdé ìlú, ẹní ni wọ́n máa ń ní kí ó bá àwọn tẹ́.

Ìpàdé ọdún náà le. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ó ń bọ̀, Kétu sì ń wá ibi tí yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí. Ilẹ̀ kan wà létí Alápẹ̀rẹ̀ tí àwọn àgbà sọ pé olóògbé Yésúfù Àyànbọ́lá ti fi sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n Lásísì ọmọ Yésúfù yarí. Àwọn agégẹdú ni ó fẹ́ fi ibẹ̀ fún.

“Níwájú Ẹgbẹ́ Afínjú ni bàbá yín ti sọ ọ́,” ni Tísà Ẹ̀bùnọlá, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wí.

“Kí Ẹgbẹ́ Afínjú dìde wá jẹ́rìí nígbà náà.”

Lásísì mọ ohun tí ó ń sọ. Àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1908 ti kú tán. Alfa Sàláwù, akọ̀wé wọn, ẹni tí ó kọ́ Múdàṣírù àti Lásísì ní kéú, ni ó gbẹ̀yìn wọn. Tísà ti tú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti tú ti kọ́ọ̀tù, kò rí ìwé ìpàdé kankan. Bẹ́ẹ̀, aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí ilẹ̀ náà bá ṣì ní ìjà nínú, Mende ni yóò kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí, kí àwọn ọmọ Kétu máa fẹsẹ̀ rìn tọ̀ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Múdàṣírù gbẹ́ ihò. Ìdì kan wà nísàlẹ̀ àpò, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e. Ó fi ẹnu kò ó, ó sì ṣí i, nítorí kì í sin ewé láìka díẹ̀ lára rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ rẹ̀ ni ó rí. Ó gbé ohùn kéú, ó ń fà á lọ́nà tí ó dùn, títí etí rẹ̀ fi gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ: “Bísíríyù wọ ìpàdé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. A ní kí ó padà lọ fọ̀ ọ́.”

“Ọlọ́run, foríjì mí!”

Yorùbá ni Alfa Sàláwù kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà kéú ni ó fi kọ ọ́. Nígbà tí ó kú, àwọn ará ilé rẹ̀ rí lẹ́tà, wọ́n rí aṣọ funfun, wọ́n gbà pé ìwé mímọ́ ni, wọ́n sì kó o wá sínú àpò nígbà tí ó gbó. Láti ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn ti ń fi ẹnu ko ìtàn ẹsẹ̀ Bísíríyù.

Múdàṣírù jókòó létí ihò, ó ń ka ìwé náà. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí kò bá lè wá gbọ́dọ̀ fi fìlà rẹ̀ ránṣẹ́. Fìlà ni yóò jókòó sórí àga rẹ̀. Ohun tí fìlà bá bá wọn fẹnu kò lé lórí, ẹni tó ni ín ti gbà á. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ó kan ìpàdé kan ní ọdún 1912: “Fìlà Yésúfù Àyànbọ́lá dé. Òun kò wá. Ìyàwó rẹ̀ bí ọkùnrin láàárọ̀. Ó ní nítorí ọmọ yìí, òun fi ilẹ̀ etí Alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè ríbi kẹ́kọ̀ọ́.”

Kò gba ọ̀dọ̀ Tísà lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá kà á ní gbangba, Lásísì yóò ní irọ́ ni. Ilé Lásísì ni ó forí lé. Àrìnkẹ́, ìyàwó ilé, ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà.

“Tísà ló rán yín, ẹ̀gbọ́n,” ni Lásísì wí kí Múdàṣírù tó jókòó. “Ẹ wá wàásù fún mi.”

“Ìwàásù kọ́. Ojú ti ń dùn mí láti ọ̀sán. Bá mi ka ibí yìí.”

“Èmi tí ẹ máa ń nà ní ilé kéú tìtorí pé n kò mọ̀ ọ́n kà?”

“Mo nà ọ́ tó ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n.”

Lásísì rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ bí ọmọ kéú, ó ń já a lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tí ó dé ibi ọmọkùnrin, ìka rẹ̀ dúró. Ó wo ọdún tí ó wà lókè ìwé, ó tún un kà.

“Ta ni ọkùnrin náà?” ni Àrìnkẹ́ bèèrè. “Ṣé bàbá yín bí ọkùnrin mìíràn ni?”

“Èmi nìkan ni.” Ó pa ìwé dé, ṣùgbọ́n kò dá a padà. “Ẹ jẹ́ kí ó sùn lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n.”

Ìwé náà, ọ̀kan ṣoṣo tí ó wà láyé ni. Múdàṣírù dìde, ó sì fi í sílẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ Ajé, aláṣẹ dé, wọ́n to àga sábẹ́ igi, àga Lásísì sì ṣófo.

“Ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún un?” ni Tísà kùn sí Múdàṣírù létí nígbà tí ó gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. “Alfa, ẹ fi ẹja sọ́wọ́ ológbò!”

Múdàṣírù tẹ́ ẹní rẹ̀, ó jókòó. Aláṣẹ wo aago, ó kọ M, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú Mende. Nígbà náà ni Àrìnkẹ́ yọ lójú ọ̀nà, ìdì funfun wà ní abíyá rẹ̀, fìlà àrán sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì rọra gbé fìlà náà ka orí àga tí ó ṣófo.

“Ojú ń tì í láti wá,” ni ó wí.

“Kí ni fìlà wá ṣe nípàdé?” ni aláṣẹ bèèrè.

Múdàṣírù ni ó dìde lórí ẹní tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́.

“Ọ̀gá, ẹni tó ni ilẹ̀ ti dé, ó sì ti gbà. Ẹ pa Mende yẹn rẹ́.”