Amọ̀ Ubarum Tí Kò Gbẹ

Gbogbo ìlú Nippur ló mọ ìtàn ọtí yẹn.

Warassa oníbúrẹ́dì bímọ. Ó gbé ife ọtí bálì rẹ̀ dání, ó lọ bá Ubarum akọ̀wé pé kó bá òun kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n òun ní ìlú Larsa.

"Kò gùn, Bàbá. Ẹ sọ fún un pé ọmọ ti dé."

Ubarum tẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi ń kọ̀wé pẹrẹsẹ. Ó mú gègé ìfefe. Ó dúró.

"'Sọ fún.' Wo àmì tí a fi ń kọ ọ́. Ẹnu ni. Àwọn ará Súmérì àtijọ́ pè é ní ka. Bí o bá pè é ní zu, ó di eyín. Kiri, imú. Inim, ọ̀rọ̀."

"Bàbá, n ò mú eyín wá o. Ẹ kọ lẹ́tà."

"Sùúrù! Ní èdè Ákádì tí ìwọ àti ìyá rẹ ń sọ nílé ńkọ́?"

Oòrùn ń ran. Nígbà tí Ubarum máa tẹ gègé mọ́ amọ̀, kò wọlé. Amọ̀ ti gbẹ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó já ife gbà lọ́wọ́ Warassa, ó da ọtí náà sórí amọ̀ kó lè rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n fèsì láti Larsa: "Kí n tó ka lẹ́tà rẹ ni mo ti gbóòórùn ìkómọ."

Ohun kan ṣoṣo ni Ubarum ń lé láyé. Kó to gbogbo ìpè àti ìtumọ̀ àmì ẹnu yẹn sórí wàláà amọ̀ kan, kó tó kú. Ogún ọdún ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ tútù ló fi ń bò ó kó má baà gbẹ. Aṣọ Naramtum ìyàwó rẹ̀.

"Aṣọ mi dà?"

"Ó wà lórí ẹnu."

"Ẹnu ta?"

"Ẹnu gbogbo ayé."

"Ẹnu gbogbo ayé lẹ faṣọ mi bò, ẹ ò fi bo tiyín!"

Warassa bi Ubarum léèrè rí pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí wàláà náà gbẹ.

"Bí amọ̀ bá gbẹ, àríyànjiyàn tán. Ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ubarum kú nígbà ìkórè bálì. Ìsàlẹ̀ wàláà ṣì ṣófo. Ojú ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ wà létí ibẹ̀, ó ṣì tutù.

Warassa wá. "Ìyá, ààrò mi gbóná. Ẹ jẹ́ n bá yín sun wàláà náà, kó lè pẹ́ láyé."

Naramtum wọ́n omi sí aṣọ náà.

"Ṣé kí àríyànjiyàn tán?"

Warassa gbé ìkòkò, ó gba ọ̀nà odò lọ.

Láràárọ̀ báyìí, kó tó dáná, ó ń gbé omi wá. Àmọ́ bí oṣù tuntun bá lé, tí ilé gbogbo ń ta omi sílẹ̀ fún òkú wọn, ọtí ló ń gbé bọ̀. Ife kan. Á rọra dà á sórí aṣọ.

"Bàbá, ẹ máa jiyàn yín lọ."