Ibi Tí Wọ́n Sin Àbúrò Màmá Sí

Òórùn kábéèjì tí mo máa ń sè mọ́ àlùbọ́sà nílé Màmá ní South Thamesmead, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ṣì wà nímú mi dòní. Màmá kì í ṣe ìyá mi o. Ọmọ Pólándì ni wọ́n, wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ wọn láràárọ̀. Àìsàn ìgbàgbé ti gba èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn, ó wá ku èdè ìyá wọn nìkan. Fóònù ni mo kọ́kọ́ fi ń túmọ̀ ohun tí wọ́n bá sọ, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa tó ọdún méjì, mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì ti ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lójoojúmọ́: níbo ni wọ́n sin àbúrò àwọn tó jẹ́ obìnrin sí? Amẹ́ríkà ni àbúrò náà lọ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ ọmọge, ibẹ̀ náà ló kú sí. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, àwọn ọmọ Pólándì máa ń tan àbẹ́là sórí sàréè àwọn èèyàn wọn. Ojú fèrèsé ni Màmá ń tan tiwọn sí. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá àwọn tan ọ̀kan níbi tí àbúrò àwọn sùn sí gan-an.

Ọmọ àbúrò yìí wá ń du ipò aṣòfin ní ìpínlẹ̀ kan l'Amẹ́ríkà, ní àdúgbò tí àwọn ọmọ Pólándì pọ̀ sí bí àwa náà ṣe pọ̀ ní Woolwich níbí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló yọ sí wa, òun àti oníkámẹ́rà kan. Inú mi dùn! Mo ní Màmá á gbọ́ èsì lónìí. Mo wé sikáàfù olódòdó fún wọn, mo po tíì.

Ọkùnrin yìí ò tíì kí wọn tán tó ti ń gbé àga wọn lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó ní kí èmi sún kúrò nínú àwòrán. Bíi pé kì í ṣe èmi ni mo wẹ ẹni tó fẹ́ yà! Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń béèrè, omi ń dà lójú wọn. Ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Sà, ibi tí ẹ sin ìyá yín sí ni wọ́n ń béèrè o."

"Ó dáa, ó dáa. Sọ fún un pé màá kọ̀wé." Ló bá bá takisí lọ. Ibi tí ìyá ẹ sùn sí, ṣé ìyẹn náà gba pé kéèyàn lọ kọ̀wé?

Lọ́sẹ̀ kejì, mo rí fídíò náà lórí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ ẹkún Màmá: "Ọmọ mi, mo ń fi ọ́ yangàn. Lọ ṣojú àwọn èèyàn wa." Họ́wù! Mo pariwo. Ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Auntie, ṣé kò sí o?"

Mo ní, "Ó wà!"

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ìméèlì sí ọ́fíìsì rẹ̀, mo ń béèrè ibi tí sàréè náà wà. Wọ́n fèsì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúpẹ́ pé mo wà lẹ́yìn ọ̀gá àwọn. Aláìnítìjú! Ó sì wọlé ìbò.

Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, ọwọ́ Màmá ti ń gbọ̀n, èmi Mùsùlùmí ọmọ Ìjẹ̀bú ni mo bá wọn ṣáná sí àbẹ́là. Wọ́n bi mí pé ṣé ọmọ náà ti kọ̀wé. Mo wo ojú wọn, mo sì fi ìwọ̀nba èdè wọn tí mo gbọ́ dáhùn pé, "Ó ti kọ ọ́, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, lábẹ́ igi ńlá kan. Ó ti bá yín tan iná síbẹ̀." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni, wọ́n sì sùn lọ lórí àga.

Ọdún yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi kú. Àwọn tí mo sọ ọ́ fún ní mo ṣe é re. Bóyá. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ó fi irọ́ sí Màmá lẹ́nu kó lè dé ipò, kò bìkítà. Èmi tí mo tọ́jú wọn ni mo wá jókòó tí mo ń parọ́ nítorí rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ di ọmọ gidi lójú Màmá, kò sì tọ́ sí i.