Iṣan Orie Tí Kì Í Lù

Ọdún tí mo kó dé ìlú Hagi ni mo kọ́kọ́ rí Orie, níbi tó ti ń gún ẹja kúnná nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n wá ibi tí iṣan ti ń lù ní ọrùn ọwọ́ òun. Mo wá a títí, n kò rí i. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Àìsàn ìgbà èwe ló fà á. Ó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ibà mú un, tí apá ń ro ó débi pé kò lè nu pátákó ìkọ̀wé. Àwọn dókítà ní òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wú nínú, tí ọ̀nà fi há mọ́ ẹ̀jẹ̀. Oògùn líle ni wọ́n fi gbà á là, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé oògùn náà lè má jẹ́ kó rí ọmọ bí.

Bẹ́ẹ̀, lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, ẹni tó bá sọ pé iṣan kò lù, ohun tó ń wí ni pé ìrètí ti pin. Ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin kò bá wo ojú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ́ lẹ́nu nìyẹn. Nígbà tí Yasuhiko, tó padà di ọkọ Orie, ń wá a láti fẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Yasu, iṣan kò lù níbẹ̀ yẹn o." Ó ní òun ti fọwọ́ kàn án, òótọ́ ni, òun á sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Orie lóyún. Ẹnu ya gbogbo àdúgbò. Dókítà kò fi bò fún un: bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru, ìyá lè lọ, ọmọ lè lọ. Itan ni wọ́n ti ń wọn ìfúnpá rẹ̀, nítorí apá ń parọ́. Nígbà tí oyún pé oṣù márùn-ún, Tomeko, ìyá ọkọ rẹ̀, mú un lọ sí ojúbọ ní Ọjọ́ Ajá, ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbàdúrà fún aboyún níbẹ̀, ó sì wé aṣọ funfun mọ́ ọn ní ikùn, kó lè bí wẹ́rẹ́ bí ajá.

Ní oṣù kẹjọ, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ Orie, ojú rẹ̀ ń ṣú. Wọ́n sáré gbé e dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tuntun kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé iṣan kò lù. Tomeko gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bẹ Orie pé kó foríji òun, òun lòun ń fi ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí dà á láàmú ṣáá.

"Màmá, ẹ dìde nílẹ̀ tútù," Orie wí láti orí ibùsùn. "Ọwọ́ mi ni wọ́n ń sọ. Ṣebí ẹ mọ̀ pé kò lù látijọ́."

"Ta ló máa rántí ìyẹn nírú àkókò yìí?" Tomeko ń fi etí aṣọ nu ojú. "Kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ."

Dókítà gbé ẹ̀rọ lé ikùn Orie. Ìró kan sì jáde, kíkankíkan, bí ẹṣin tó ń sáré lórí afárá pákó. Nínú ara obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dákẹ́ láti ìgbà èwe, ọkàn ẹlòmíràn ń lù. Nọ́ọ̀sì náà tẹrí ba fún Tomeko láti tọrọ àforíjì, kò sẹ́ni tó sọ pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́sàn-án yẹn. Obìnrin ló bí, ó kéré gan-an, ó sì ké.

Ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kejì báyìí. Orie kò bí òmíràn. Òun àti Tomeko ni wọ́n jọ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.