Ajubọ́ọ̀lù tí Mo Ń Ṣọ́ láti Jídà

Mo rántí ìgbà tí n kò lè fẹnu kan tíì láàárọ̀ àfi bí mo bá ti mọ bí àbúrò mi ṣe ju bọ́ọ̀lù ní alẹ́ tó kọjá. Jídà ni mo wà nígbà náà, ní àdúgbò Hindáwíyà, nínú yàrá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ máa ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Àbúrò mi wà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ti máa ń ṣú nígbà tí tiwa bá ń múra àtimọ́. Bí mo bá ti kírun àsùbá tán, orí ẹní ìkírun náà ni mo ti ń ṣí fóònù mi, tí àyà mi á máa já bí ẹni pé ẹjọ́ mi ni wọ́n fẹ́ dá.

Bésíbọ́ọ̀lù ni eré tí àbúrò mi ń ṣe. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ni, ó le bí òkúta. Ẹnì kan á jù ú, ẹnì kejì á fi igi gbá a. Àbúrò mi ni ajubọ́ọ̀lù. Ní Ìwó, nílé ìwé girama, ni olùkọ́ eré ìdárayá kan ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ó sì kọ́ ọ títí àwọn òyìnbó kan fi wá wò ó tí wọ́n mú un lọ. Kì í ṣe inú àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ ló wà. Ẹgbẹ́ kékeré ni, nínú líìgì ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jìjàdù kí wọ́n lè gbé wọn sókè. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń ṣeré. Bí eré bá sì ti parí, ẹgbẹ́ náà á gbé àbájáde rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó borí, ẹni tó fìdí rẹmi, àti ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe lórí pápá. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe àbúrò mi wọlé, ṣùgbọ́n n kò mọ ọjọ́ tí wọ́n máa pè é. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó.

N kò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni mo mọ̀, mo sì mọ nọ́ńbà. Èrò mi ni pé bí nọ́ńbà iwájú orúkọ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí mo lọ sí Mẹ́kà, mo dúró síwájú Káábà, mo ń sunkún, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó bá mi fi kún nọ́ńbà àbúrò mi. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún un lórí fóònù.

Ó kígbe. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba àdúrà yẹn mọ́! Iye àwọn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù mi tí wọ́n sì sáré wọlé nìyẹn. Bó bá pọ̀, wọ́n á lé mi dànù."

"Kí ni kí n wá tọrọ?"

"Òdo ni kí ẹ tọrọ."

N kò tọrọ òdo lọ́wọ́ Ọlọ́run rí láyé mi. Àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Láti ọjọ́ náà lọ, òdo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ìlà orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, màá rí i pé àwọn mẹ́ta tó dojú kọ ọ́ ni ó lé kúrò nídìí igi láìjẹ́ pé igi wọn kan bọ́ọ̀lù, tíì mi á sì dùn títí dé ìsàlẹ̀ ife. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, màá rí i pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá ògiri pápá, tí olùkọ́ wọn sì gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo èrò. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, màá kàn jókòó ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe eré. Ìwé tí àbúrò mi fi ń gbé Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ yẹn ló so ó rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kò wúlò mọ́, ọjọ́ náà ni ìwé rẹ̀ kú. Èmi ní tèmi, n kò tilẹ̀ ní ìwé kankan. Èmi àti àwọn àlàájì jọ dé ni, àwọn padà sílé, èmi sì dúró, mo ń bá dókítà obìnrin kan tọ́jú ọmọ. Yorùbá ni dókítà yìí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé ibẹ̀, ìkámà rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbélùú, pé pérépéré, a sì lè fi ìkámà nìkan mọ ẹni tó lè rìn láìbojú wẹ̀yìn ní ìlú yẹn. Bí mo bá rí ọkọ̀ ọlọ́pàá ní ìkóríta, màá yà bọ́ sí ọ̀nà mìíràn. Àbúrò mi ń bẹ̀rù ẹni tó di igi mú, èmi ń bẹ̀rù ẹni tó wọ aṣọ ìjọba. Kò sẹ́ni tó ń sùn dáadáa nínú àwa méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé inú yàrá, mo bá gun òrùlé ilé wa lọ. Òrùlé pẹrẹsẹ ni, táǹkì omi pọ̀ níbẹ̀, òòrùn sì ti ń ta lára. Ojú ewé náà ṣí. Mo rí orúkọ àbúrò mi. Wọ́n pè é wọlé, ó sì jáde láìlé ẹnì kankan. Kò tíì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ òyìnbó gbọọrọ kan sí. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí Dókítà pé kó bá mi kà á. Mo yí padà kí n lọ bá obìnrin tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé yàrá, nítorí òun náà ka ìwé díẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn tó ń já. Àwọn ọlọ́pàá tó ń wá aláìníwèé ti wọ ilé wa, wọ́n ń pariwo pé kí gbogbo ènìyàn ṣílẹ̀kùn. Bí mo ṣe rá dé ẹ̀yìn táǹkì omi, n kò mọ̀. Mo ká ara mi jọ síbẹ̀, irin táǹkì náà ń jó mi léjìká.

Fóònù mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Orúkọ àbúrò mi ló wà lójú rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́ pa. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ikùn mi bí ẹni pé ó ṣì lè sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ń gun àkàsọ̀ bọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà òrùlé, ó wúkọ́, ó dúró. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹnìkejì mi nínú yàrá ń ké bí ẹni tí òkú kú fún, Yorùbá ló sì fi ń ké: "Má sọ̀kalẹ̀ o! Yéè, má sọ̀kalẹ̀, dákun, má sọ̀kalẹ̀!" Àwọn ọlọ́pàá rò pé ó ń dárò ara rẹ̀ ni. Èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ wọn lára rẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà yí padà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ọkọ̀ wọn gbéra, wọ́n sì gbé ẹnìkejì mi lọ. N kò kúrò lẹ́yìn táǹkì títí n kò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ náà mọ́.

Mo pe àbúrò mi padà. Kò gbé e. Mo tún pè, kò gbé e.

N kò lè sùn ní Hindáwíyà mọ́. Ìyá àgbà kan, Àlàájà láti Ìsẹ́yìn, tó ti pẹ́ ní Kúdáì ní Mẹ́kà, ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọkọ̀ awakọ̀ Hausa kan ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, èmi àti obìnrin méjì lẹ́yìn, gbogbo wa bojú. Bí a ṣe ń súnmọ́ ibi àyẹ̀wò tó wà lójú ọ̀nà Mẹ́kà ni fóònù mi gbọ̀n. Dókítà ti fi ohùn ránṣẹ́. Ìdáhùn wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi, n kò sì lè gbọ́ ọ, nítorí ṣọ́jà ti na ọwọ́ sí wa pé kí a dúró.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó bi awakọ̀ pé ta ni wá.

"Ahlí," ni awakọ̀ wí. Ará ilé mi ni wọ́n.

Ṣọ́jà náà fi ìka kan gíláàsì tí mo fara tì. Mo wo ilẹ̀. Mo ń ka Áyátúl-Kúrúsíyù, ẹsẹ ààbò inú Kùránì, nínú ọkàn mi, mo sì ń ṣì í kà, èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó ní kí a máa lọ. Ọkọ̀ wa rìn títí a fi jìnnà. Nígbà náà ni mo gbé fóònù sétí.

Ohùn Dókítà rọ̀ bí ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù padà tààrà, ó sì ba àbúrò mi lójú. Ó ṣubú lórí pápá. Wọ́n fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ.

Ní Kúdáì, Àlàájà àgbà kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó fún mi ní omi mímọ́ sámúsámù mu, ó tẹ́ ẹní fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Sun ún, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ta ni o lè pè níbẹ̀?" Dókítà ló bá mi pe ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní ó wà láàyè, wọn kò sì fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Láràárọ̀ ni mo ṣì ń ṣí ojú ewé yẹn. Eré kò dúró. Wọ́n borí lálẹ́ kan, wọ́n fìdí rẹmi lálẹ́ kejì. Ọmọkùnrin mìíràn ti dúró síbi tí àbúrò mi ń dúró sí, òdo ni wọ́n sì kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Mo kórìíra ọmọ ọlọ́mọ tí n kò rí rí, nítorí pé ó rí òdo tí mo fi omijé tọrọ fún ẹlòmíràn gbà. Bí fóònù bá dún, mo ń bẹ̀rù pé ikú ni. Bí kò bá dún, mo ń bẹ̀rù bákan náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé wọ́n ti mú yín ni? Mo pè yín, ẹ pa á. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò pé wọ́n ti mú yín."

"Ẹ̀yìn táǹkì omi ni mo wà. Wọ́n wà nílé wa."

Ó ní, "Nígbà tí mo pè yẹn, wọ́n fẹ́ gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín kí n tó wọlé."

Mo wá bi í pé, "Ojú ńkọ́?"

"Ti òsì ti lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má sunkún. Ọ̀tún ń ríran."

Ajubọ́ọ̀lù olójú kan kò sí nínú líìgì wọn. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí egbò fi san, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀ sì parí gẹ́gẹ́ bí mo ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí. Ó padà sí Ìwó. Nígbà tí mo gbọ́ pé òun nìkan ló wà nínú ilé òbí wa, mo mọ̀ pé n kò ní ohun tí mo ń dúró ṣe mọ́. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Mo sọ fún Àlàájà àgbà pé mo fẹ́ fi ara mi lé ìjọba lọ́wọ́ kí wọ́n lè dá mi padà sílé.

"Ṣé o mọ̀ pé bóyá lo fi lè rí ilẹ̀ yìí mọ́?" ni ó bi mí.

"Mo mọ̀, Mà."

Dókítà ló wà mí dé ẹnu ọ̀nà tarhíìlì, ibi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sí. Àwọn ọmọ tí mo tọ́ wà lẹ́yìn ọkọ̀. Yorùbá ni mo fi dágbére fún wọn, Lárúbáwá ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo ti fi ọdún púpọ̀ sá fún ẹnu ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ ara mi ni mo sì fi wọ̀ ọ́. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò kéré sí ti orí òrùlé. Inú ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti dá ẹnìkejì mi padà sílé, àti pé ara rẹ̀ le. Mo dúró níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin oríṣiríṣi ìlú títí ọkọ̀ òfuurufú wa fi gbéra.

Ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó, mo rí àbúrò mi kí ó tó rí mi. Ó ti ga jù bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó wọ jígí dúdú, ó ń yọrùn láàárín èrò. Ó rìn bọ̀, ó sì kọjá lára mi. Aṣọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ mi. Kò rí mi, nítorí apá òsì rẹ̀ ni mo dúró sí. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, tó ń wá mi kiri. Lẹ́yìn náà ni mo tó pè é.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní eré ìdárayá, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ kékeré kan. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé báwo ni Mẹ́kà ṣe rí, mo sì ń sọ èyí tó dùn fún wọn. Ẹ̀rù tó wà lára mi kò tíì tán. Bí ẹnì kan bá gbá ìlẹ̀kùn lójijì, mo ṣì ń wá ibi tí màá rá pálá sí. Ṣùgbọ́n bí èmi àti àbúrò mi bá jọ ń rìn lọ sí mọ́sálásí, apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa ń bọ́ sí, kì í sì í béèrè ìdí rẹ̀.