Òfin Tí Mo Fi Yangàn ní Pobè

Òórùn ẹyìn tí wọ́n ń sè ni í kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ìpẹ̀kun ìlú Pobè, kí a tó rí èéfín, kí a tó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. Ó wúwo, ó dùn díẹ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ di ọjọ́ kejì. Níbẹ̀ ni àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Táńtì, ti ń ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì fún ilé iṣẹ́ epo kékeré kan. Obìnrin méjìdínlógún ni wọ́n jọ ń ṣe é, òun sì ni àgbà wọn. Láàárín wọn, àgbà ni í kọ́kọ́ bu oúnjẹ, àgbà ni í kọ́kọ́ wọ ọgbà ní òwúrọ̀, àgbà náà ni í kọ́kọ́ tẹ ìka sí ìwé. Ẹni tí ó bá ṣáájú rẹ̀ ti rí i fín.

Olùkọ́ ni mí ní Sakété nígbà náà. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní yunifásítì, mo sì ń kọ àpilẹ̀kọ líle sínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ó mọ̀ mí mọ bí mo ṣe máa ń gbóná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Táńtì na kọ̀ńtíráà rẹ̀, ìwé àdéhùn iṣẹ́, sí mi pé kí n bá òun kà á, nítorí èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé náà fún un, bẹ́ẹ̀ ìgbà karùn-ún nìyẹn tí wọn yóò tún un ṣe. Inú bí mi. Òfin tí mo kọ́ sọ gbangba pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni a lè tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ti di òṣìṣẹ́ títí lọ.

Mo ní, "Táńtì, ẹ má tẹ̀ka sí i. Ẹ ti di onílé níbẹ̀, wọ́n ṣì ń pè yín ní àlejò."

Ó bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú bí orúkọ mi. N kò ṣí ìwé kankan wò.

Ní ọjọ́ Ajé, àná rẹ̀ ni ìwé àtijọ́ parí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà gbé tábìlì sí àgbàlá kí wọ́n wá tẹ̀ka sí tuntun. Táńtì kọ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù ká ọwọ́ sẹ́yìn bákan náà. Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní òun fún wọn títí di aago méjìlá ọ̀sán. Ẹni tí kò bá tẹ̀ka, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí lánàá. Táńtì pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, wọ́n ti kó àwọn mìíràn wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Mú ìwé òfin rẹ yẹn wá."

Ilé akọ̀wé kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mo sáré lọ, kí n yá ẹ̀dà òfin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, bàbá náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá olùkọ́, òfin tí ò ń sọ yẹn, wọ́n ti sin ín. Ṣé o ò gbọ́ òkú rẹ̀ ni?"

Ó fi òfin tuntun hàn mí: agbanisíṣẹ́ lè tún ìwé alákòókò ṣe iye ìgbà tí ó bá wù ú. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mọ́kànlá ti ń lọ.

Mo gun alùpùpù lọ sí Pobè, eruku pupa ń wọ̀ mí lẹ́nu, mo sì ń bú ìjọba bí mo ṣe ń lọ. Àwọn wo ni wọ́n ń kọ òfin fún, bí ẹni tí òfin mú kò bá gbọ́ èdè rẹ̀? Ta ni ó ka ìlà yìí sí àwọn obìnrin wọ̀nyí létí? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, mo mọ̀ pé èmi gbọ́ Faransé, èmi ní àyè, èmi náà kò sì kà á.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo dúró níwájú wọn, tí mo jẹ́wọ́ pé mo ti ṣì wọ́n lọ́nà.

Obìnrin kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ò rí nǹkan! Ìwé tí eléyìí kà kún ilé, èyí tó yẹ kó kà ni ò kà."

Ọ̀gá ní kí àwọn yòókù máa bọ̀, ṣùgbọ́n olórí ọ̀tẹ̀ kò ní í tẹ̀ka mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni mo jẹ̀bi. Ó ní, "Orúkọ yín ò sí nínú ìwé mi." Ó fa ìwé Táńtì ya.

Kò sí ẹni tí ó mira. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bí Ìyá wa ò bá tẹ̀ka, ta ló fẹ́ ṣáájú rẹ̀?" Ìṣẹ́jú ń lọ. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tí wọ́n kó wá ti ń so aṣọ wọn le.

Ìgbà náà ni Táńtì rìn lọ sídìí tábìlì. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tábìlì náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé. Ó yíjú sí wọn.

"Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n wá. Wọ́n tẹ̀ka, gbogbo wọn, àwọn mìíràn ń sunkún.

Bí a ṣe ń lọ sílé, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìjọba. Táńtì dá mi dúró láàárín ọ̀nà. "Má bú ìjọba fún mi lónìí. Lọ kàwé."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá gbogbo òfin iṣẹ́ tí ó bá jáde, tí mo sì ń kà á ní èdè wa fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́, ní Takon, ní Yoko, níbikíbi tí wọ́n bá ti fún mi ní àpótí jókòó. Ìbínú mi kò dín. Ó ṣì tọ́ sí àwọn tí mo ń bínú sí. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ìbínú tí kò ka ìwé, ẹlòmíràn ni í jìyà rẹ̀. Táńtì ń pa èkùrọ́ níwájú ilé báyìí fún ẹni tí ó bá gbé e wá, láìsí ìwé, láìsí oṣù mẹ́fà. Òfin àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n mọ́, tuntun kò sì mọ̀ ọ́n rárá.