Fíìmù Tí A Wò Ní Pálọ̀ Ìyá Ṣakírátù

Òjò ọ̀sán Àbámẹ́ta tó kọjá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nínú ilé wa ní Bàsìrì. Èmi kò tilẹ̀ gbèrò àtijáde tẹ́lẹ̀, nítorí orúnkún mi òsì ti sọ mí di ẹni tí ń ti ojú fèrèsé mọ ohun tó ń lọ ládùúgbò. Mo na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ọmọ ọmọ mi obìnrin, Tómiwá, sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní nítòsí mi, ó gbé fóònù lé àyà, ó ń wo fíìmù. N kò rí ohun tó ń wò. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Ọmọdébìnrin kan ń sọ̀rọ̀ lórí máìkì, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, lẹ́yìn náà ni àtẹ́wọ́ bú jáde bí òjò tó já lu páànù. Tómiwá náà pàtẹ́wọ́, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Mo bi í pé ṣé fíìmù àwọn ọmọ iléèwé tí ń fẹ́ra wọn ni. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ọkàn mi ti kúrò ní Bàsìrì, ó ti wọ inú ilé bàbá mi ní Òkèṣà lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ irú ilé tí mò ń wí. Olùkọ́ ìṣirò ni bàbá mi. Kì í ṣe èèyàn burúkú rárá, àmọ́ obìnrin mẹ́rin ló bí, ẹ̀rù ayé sì ń bà á lórí wa. Ó mọ ògiri yí ilé ká, ó fi àfọ́kù ìgò ṣe adé fún ògiri náà, ó sì fi àgádágodo kọ́ ẹnu géètì. Inú àpò ṣòkòtò rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Bí ó bá ń rìn bọ̀ láti yàrá, a ó ti gbọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kí a tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé: kò sí ibòmíràn. Nígbà ìsinmi, a máa ń tò sẹ́yìn géètì bí adìyẹ inú àgò, a ó máa fi etí mọ àwọn tó ń kiri ọjà kọjá. Ìyá kan wà tó ń kiri mọ́ínmọ́ín, ohùn rẹ̀ nípọn, ó kún bí orù omi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń fi ojú inú wò ó bí obìnrin títóbi. Ọjọ́ tí mo pàpà rí i lójúkojú, ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ó sì dùn mí bí ẹni pé wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Inú ilé yìí ni wọ́n mú Ìbídùn wá bá mi. Ìgbẹ́mọ ni wọ́n ti mú un wá. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Ìjọ nítorí oyè tó jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré. Ó ní kí ọmọ náà wá gbé lọ́dọ̀ olùkọ́, bóyá ìmọ̀ yóò ràn án. Ìbídùn dé pẹ̀lú àpò ìrẹsì tí ìyá rẹ̀ gbìn, ìrẹsì tí òórùn rẹ̀ máa ń jáde láti ilé ìdáná lọ kí àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta inú rẹ̀ gba ìfarabalẹ̀. Ó fi ọdún kan jù mí lọ. Orí ibùsùn kan náà la jọ ń sùn. Nínú ilé tí a ti ń wọn ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni wọn epo, Ìbídùn ń sọ tirẹ̀ bí odò Ìrẹ̀lẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn àbúrò mi lọ.

Àlàáfíà kan ṣoṣo tí a ní ni Ìyá Ṣakírátù. Ará Ìwó ni, ó ń ta bàtà lọ́jà, ó sì háyà apá kejì ilé náà lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ní tẹlifíṣàn aláwọ̀, ó sì ní fídíò. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé inú ọgbà kan náà ni pálọ̀ rẹ̀ wà, bàbá mi kò lè sọ pé a jáde. Àbúrò Ìyá Ṣakírátù kan ló mú kásẹ́ẹ̀tì wá láti Èkó, ó sì gbàgbé ọ̀kan síbẹ̀ nígbà tó ń lọ. Èyí tó gbàgbé náà la wò. A wò ó títí ìlà funfun fi ń sáré lójú àwòrán, tí ohùn àwọn òyìnbó inú rẹ̀ sì ń fà bí ẹni tí oorun ń kùn.

Fíìmù náà kò le. Ọmọbìnrin kan ń fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin iléèwé wọn, ọmọkùnrin kan ń ta áísíkiriìmù lẹ́yìn iléèwé. Wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn jà nítorí kẹ̀kẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ra. Bàbá ọmọbìnrin fẹ́ mú un lọ sí ìlú mìíràn, ọmọ kò sì fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ ìparí ọdún, ó gba máìkì níwájú gbogbo iléèwé, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá sunkún, ó gbá a mọ́ra. Áísíkiriìmù yọ́ sí ọmọkùnrin náà lọ́wọ́. Ó tán.

Kí ló wá dùn níbẹ̀? Mo ti rò ó láti ọdún pípẹ́. Kì í ṣe ìfẹ́ náà gan-an, torí bí wọ́n bá ti fẹ́ fẹnu kan ara wọn, Ìyá Ṣakírátù máa ń nà tàntàn bo ojú tẹlifíṣàn pẹ̀lú ìró rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ wa ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń jáde láìtọrọ àyè. Ilẹ̀kùn ilé wọn kò ní ju ìró gbàà kan lọ, wọ́n ti wà ní títì. Ìbídùn a sì mí kanlẹ̀. Ìyá Ṣakírátù ní tirẹ̀ kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ríran. Ó máa ń béèrè pé ta ló ń fọ abọ́ nílé àwọn èèyàn yìí, pé nígbà wo ni wọ́n tiẹ̀ ń kàwé, àti pé kí ló dé tó jẹ́ pé olùkọ́ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, òpònú ni. A máa ń bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́.

Ìbídùn náà ní ọmọkùnrin kan tó ń wò ní kíláàsì, Dáre, tó ń wọ mọ́tò wá láti Ìyìn lójoojúmọ́. Ìfẹ́ wọn kò ju ẹ̀pà sísè àti rúlà tí wọ́n ń yá ara wọn lọ. Bí iléèwé bá parí, ó máa ń bá wa rìn dé kọ̀rọ̀ kan, ibi tí ojú bàbá mi bá ti lè bẹ̀rẹ̀ sí tó wa, yóò sì yà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Ọdún tí a fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde ni Bàbá Ìjọ wá sílé wa lọ́jọ́ tí a kò retí rẹ̀. Ìyàwó ọmọkùnrin rẹ̀ àgbà ti bí ìbejì ní Kàdúná, iṣẹ́ ìjọba ni ìyàwó náà ń ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò bá a tọ́jú ọmọ. Ó ní Ìbídùn ti kàwé tó, pé ẹni tó lè ka Bíbélì tó sì lè kọ lẹ́tà, kí ló tún kù. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò ná. Ó bẹ̀ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀rẹ́ ẹni kì í ṣe ọmọ ẹni. Wọ́n fẹnu kò pé lẹ́yìn ọjọ́ àjọ̀dún iléèwé, kó máa lọ.

Ìbídùn kò sunkún. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo àjà.

Ó ní, “Bàbá ọmọ yẹn náà kò gbọ́, àfìgbà tó sọ ọ́ lójú gbogbo ayé.”

Mo sọ fún un pé fíìmù ni. Ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, gbọ̀ngàn iléèwé kún dẹ́múdẹ́mú. Ìbídùn ni igbákejì olórí àwọn ọmọbìnrin, òun ni wọ́n sì yàn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò. Bàbá Ìjọ wà níwájú nínú agbádá. Ìyá Ìbídùn wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin kékeré kan tí kì í sọ̀rọ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ìbídùn fi òyìnbó dúpẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Nígbà tó parí, kò sọ máìkì kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìdánwò mi. N kò fẹ́ lọ sí Kàdúná. Olùkọ́ ni mo fẹ́ dà.”

Ìdákẹ́jẹ́ inú fíìmù yẹn dé lóòótọ́. Tiwa kò kàn lọ mọ́ ni. Mo ń gbọ́ fáànù tó ń dún kẹ́kẹ́ lókè. Láti ẹ̀yìn pátápátá, ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ìyá Ṣakírátù ni, ó ti ti ìsọ̀ wá wò wá. Àtẹ́wọ́ náà bọ́ sílẹ̀ lóun nìkan, ojú sì tì í, ó kó ọwọ́ sábẹ́ ìborùn. Mo wo Dáre. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. N kò bá a wí nígbà náà, n kò sì bá a wí títí di òní. Bàbá tirẹ̀ náà jókòó tì í. Ọ̀gá iléèwé gba máìkì, ó ní kí àwọn àlejò máa bọ̀ wá jẹun.

Bàbá Ìjọ kò pariwo. Ó rìn lọ síbẹ̀, ó fà á dìde.

“Ó tó. À ń lọ ulé.”

Ulé ni àwa Èkìtì ń pe ilé, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà títí dòní. Lọ́jọ́ yẹn, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ló dún sí mi létí.

Ibùsùn fẹ̀ fún mi láti alẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá mi ní kí a má dé pálọ̀ Ìyá Ṣakírátù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ayé wa tún fi yàrá kan dín kù. Ní Ìgbẹ́mọ, Ìbídùn ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí ẹni tó nà án, kò sì sí ẹni tó ń dáhùn ìkíni rẹ̀. Ilé wọn kò ní géètì, kò ní àgádágodo. Gbangba ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì sí ibì kan tó lè gbà á lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú un, ó ti di ẹrù, ó jókòó lé e. Ni ìyá rẹ̀ bá ti yàrá jáde pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀, ó ti wé gèlè. Wọ́n bi í pé níbo. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yìí dáhùn.

Ó ní, “Ẹni tí yóò pọn ọmọ lẹ ń wá. Èmi náà ní ẹ̀yìn.”

Bàbá Ìjọ béèrè ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún òun. Ìyá ní ìrẹsì wà nínú àpò, iná wà lábẹ́ ààrò, kí Ìbídùn sì padà lọ ṣe ìdánwò rẹ̀. Kí ni ọkùnrin náà fẹ́ wí? Ta ni yóò jáde lọ sọ fún ìjọ pé òun kò jẹ́ kí ìyá àgbà lọ wẹ ìbejì ọmọ rẹ̀? Ọmọkùnrin rẹ̀ náà kò lè kọ ìyá tó bí i. Wọ́n gbé ìyá lọ. Kí oṣù tó kú, Ìbídùn ti padà sórí ibùsùn mi.

Ó ṣe ìdánwò, ó yege, ó sì ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìgèdè títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun àti Dáre kò fẹ́ra. Kálukú fẹ́ ẹlòmíràn, kò sì sí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ púpọ̀. Ìyá rẹ̀ ló pẹ́ ní Kàdúná. Ìyàwó Kàdúná tún bímọ, ó tún bí sí i, ìyá sì ń bẹ nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn, òun tí kò tíì fi oko ìrẹsì sílẹ̀ rí. Nígbà tó padà wálé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí tán ni mo tó rántí pé ọmọbìnrin inú fíìmù yẹn kò ní ìyá. A kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rò pé fíìmù náà kù sí. Ó rò pé ọkàn bàbá a máa yí padà láàárín ìgbà tí èèyàn fi ń pa ẹ̀pà kan, ó sì parí síbi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ n kò lè pè é ní irọ́. Ìbídùn sọ fún mi pé ìyá òun ní òun kò mọ ohun tí ọmọ òun fẹ́ títí di ọjọ́ àjọ̀dún náà, nítorí kò sẹ́ni tó bi ọmọ náà rí. Fíìmù ló kọ́ ọ pé èèyàn lè la ẹnu. Kò kàn sọ fún un ẹni tí yóò gbọ́ ni.

Wọ́n ti wó ògiri Òkèṣà, ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọbìnrin ń gbé gbogbo ayé káàkiri ní àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin mi, bàbá Tómiwá, kì í yé pè láti ibi iṣẹ́ kó lè mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà nílé, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rù bàbá mi nínú ohùn rẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, Tómiwá jókòó. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wọn ní Ìyìn, pé dádì ti ní òun kò gbọdọ̀ lọ. Kò bẹ̀ mí, ó kàn sọ ọ́. Mo ní kó wọ bàtà tí ẹrẹ̀ kò ní bà jẹ́, kó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wò mí lójú, ó béèrè ohun tí òun yóò wí fún bàbá òun.

Mo ní kó má wí nǹkan kan. Èmi ni bàbá rẹ̀ yóò bá nílé.