Àwo Orin Tí Krauss Yìn

Láti ìgbà tí irun ti wà lórí rẹ̀ ni Wendell Krauss ti ń dá àwo orin lẹ́jọ́ nínú ìwé ìròyìn kan nílùú Duluth, ní Amẹ́ríkà. Ariwo lásán ni orin rọ́ọ̀kì lójú rẹ̀, ẹkún ọ̀lẹ sì ni orin àwọn onígìtá. Lọ́dún kan, àwo kan ṣoṣo ló yìn, orin oníkọ̀ǹpútà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe. Ó ní ó ń wọ́ lọ bí ìsìnkú.

Marlys, olóòtú rẹ̀, pè é.

“Wendell, orin ijó ni ọmọ yẹn ṣe o! O ò yí bọ́tìnì tó ń mú àwo yára lórí ẹ̀rọ ẹ, ìyẹn ló jẹ́ kí àwo náà máa falẹ̀. Tún ohun tó o kọ nípa ẹ̀ kọ, àbí kó o kó ẹrù ẹ.”

“Ọmọ yẹn ni ò mọ ohun tó ṣe. Èmi ni mo gbọ́ ọ dáadáa.”

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n.”

Kò tún un kọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìpolówó táyà ló gba ojú ewé rẹ̀. Òǹkàwé kankan kò béèrè rẹ̀.